Ta Ló Tọ́ sí Ògiri Akọni ní Ìbàdàn?

Tábìlì sìnúkà kan wà ní Agbowó, ní òdìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn, lábẹ́ tapólì búlúù kan tí oòrùn ti ṣá. Aṣọ aláwọ̀ ewé orí rẹ̀ ti ya níbi méjì, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, bọ́ọ̀lù tó bá gba ibẹ̀ kọjá a máa yà sósì díẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń gbá níbẹ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti fi kún ìṣirò wọn. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo dúró wò wọ́n, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló gbóná níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé igi lé èjìká, ó ní bí wọ́n bá ní kí òun kọ orúkọ ẹyọ ẹnì kan sára ògiri pápá Liberty, Ràṣídì Yẹkínì lòun ó kọ. Bàbá mẹkáníìkì kan tí epo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, wọn ò tíì bí ọ nígbà tí Ọdẹ́gbàmí ń fò sókè." Ọmọ náà tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ ka bọ́ọ̀lù tó wọ àwọ̀n fún mi." Bọ́ọ̀lù dúdú ṣì wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó yà sí i mọ́. Kí n tó kúrò níbẹ̀, èèyàn mẹ́jọ ti dá sí ọ̀rọ̀ náà, orúkọ mẹ́sàn-án ló sì ti jáde.

Mo ti gbọ́ irú àríyànjiyàn yìí nídìí ìwé ìròyìn ní Dùgbẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ nínú Micra tó ń ti Challenge bọ̀ wá sí Ring Road, tí awakọ̀ gan-an gbàgbé láti já ẹni tó ń sọ "ó wà o" sílẹ̀. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ tó ohun tí à ń jókòó lé lórí. Pápá ńlá méjì la ní nílùú yìí. Èyí tó wà lápá Òkè-Àdó àti Ring Road, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́, tí wọ́n sì ṣí ní 1960, Liberty la mọ̀ ọ́n sí títí di 2010 tí wọ́n sọ ọ́ ní pápá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Èyí tó wà ní Adámásingbà ń jẹ́ pápá Lékan Sàlámì. Orúkọ méjèèjì tọ́ síbi tí wọ́n wà. Ìjọba Awólọ́wọ̀ ló kọ́ ti àkọ́kọ́. Sàlámì náwó nára fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa débi pé a ò lè sọ ìtàn ẹgbẹ́ náà ká fò ó. Àmọ́ nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó wọ bàtà bọ́ọ̀lù jẹun. Àwọn tó làágùn lórí koríko náà ńkọ́? Èkó fi orúkọ Tẹ̀sílíìmù Balógun pe pápá kan ní Sùúrùlérè, agbábọ́ọ̀lù sì ni Tẹ̀sílíìmù tọkàntara.

Ká ní Ìbàdàn fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn akọni tirẹ̀ lọ́la, tàbí ká tilẹ̀ ní ògiri kan péré ni, ta ni a ó kọ́kọ́ kọ? Kí ni a ó fi wọ̀n ọ́n?

Orí tábìlì tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ náà ni n ó ti mú àpẹẹrẹ. Àwọn tó ń gbá eré tí àwa ń pè ní sìnúkà yìí, tí Amẹ́ríkà ń pè ní pool, ti ní gbọ̀ngàn akọni tiwọn láti 1966. Ẹgbẹ́ Billiard Congress of America ló dá a sílẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n là síbẹ̀: ọ̀nà ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá, àti ọ̀nà ẹni tó sin eré náà. Willie Mosconi gba ọ̀nà àkọ́kọ́ wọlé ní 1968. Òun ló gbá bọ́ọ̀lù 526 wọ ihò léraléra láìtàsé ẹyọ kan ní 1954. Rudolf Wanderone, ẹni tí ayé mọ̀ sí Minnesota Fats, gba ọ̀nà kejì ní 1984, nítorí pé ẹnu rẹ̀ àti òkìkí rẹ̀ ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn ya bo eré náà. Efren Reyes, ọmọ Fìlípínì, wọlé ní 2003, kò sì sí ará Éṣíà kankan tó ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

Ti Cisero Murphy ló máa ń ká mi lára jù. Ọmọ Brooklyn ni, aláwọ̀ dúdú ni, wọn kò sì jẹ́ kó bá wọn díje nínú àwọn ìdíje ńlá fún ọdún púpọ̀ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n jàjà ṣílẹ̀kùn fún un ní 1965, ní Burbank, ó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé níbẹ̀. Ọdún 1995 ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí gbọ̀ngàn. Ó kú ní 1996. Ọgbọ̀n ọdún ló wà láàárín ife ẹ̀yẹ àti ògiri, ọdún kan péré ló wà láàárín ògiri àti ibojì. Bí mo bá ń ro ọ̀rọ̀ Ìbàdàn, ọkùnrin yìí ni mo máa ń rí, torí pé àwọn tiwa tó kú láìrí ògiri kankan pọ̀ ju àwọn tó kù láyé lọ.

Ìdíwọ̀n tèmi rọrùn láti sọ, ó le láti lò. Yọ ẹni náà kúrò nínú ìtàn Ìbàdàn, kí o wo ohun tó máa wó. Bí nǹkan kan bá wó, ó tọ́ sí ògiri. Bí ohunkóhun kò bá wó, ì báà jẹ́ pé gbogbo ayé ń pariwo orúkọ rẹ̀, ibòmíràn ni ògiri rẹ̀ wà.

Ẹ wá jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti 1976, nítorí ibẹ̀ ni ilé náà ti dúró. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní WNDC tẹ́lẹ̀, tó di IICC, tó wá di Shooting Stars, tí ará Ìbàdàn ń pè ní Sútìn nítorí pé ahọ́n wa kì í fẹ́ yí "ṣ", lọ gba ife ẹ̀yẹ àwọn olúborí ife ní ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún náà. Kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kankan tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà rí ṣáájú wọn. Tonnerre ti Yaoundé, lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ni wọ́n bá pàdé nínú àṣekágbá, ẹgbẹ́ tí Roger Milla ń gbá fún nígbà náà. Àwọn ọmọ wa na wọ́n 4–1 nílé, wọ́n lọ pàdánù 1–0 lọ́hùn-ún, wọ́n sì gbé ife náà bọ̀. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n tún gba líìgì Nàìjíríà. Ẹni tó bá dàgbà tó láti rántí á sọ fún ọ bí ariwo "Ọ́pù Sútìn!" ṣe gba Dùgbẹ̀ dé Mọ́kọ́lá.

Nínú ikọ̀ náà, ẹni mẹ́ta ni mi ò rí ẹni tó lè bá mi jà lé lórí. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ni èkíní. Jos ló ti dàgbà, ilé ẹ̀kọ́ Póólì Ìbàdàn ló wá láti kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì wọ aṣọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Mathematical" ni wọ́n ń pè é, torí pé ó dà bí ẹni pé ó ti fi ìwọ̀n wọn igun tí bọ́ọ̀lù yóò gbà kó tó gbé ẹsẹ̀. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó sì máa ń já wọlé lójijì. Ní tèmi, ohun tó jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ ṣáájú ni pé ó dúró. Nígbà tí ó yẹ kó ti wá owó lọ sí òkè òkun, Ìbàdàn ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún.

Èkejì ni Múdàṣírù Lawal. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó gbà á lọ́wọ́ sípánà. Mo rántí bí ojú bàbá ọjọ́ yẹn ní Agbowó ṣe tàn nígbà tí ẹnì kan dárúkọ Múdà: "Tiwa ni!" Lawal wà nínú ìdíje ife Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra, 1976, 1978, 1980, 1982, 1984. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyẹn, ìlú tí ó ń gbá fún ni Ìbàdàn. Àárín pápá ni ibùjókòó rẹ̀. Kì í sáré bí Ọdẹ́gbàmí, àmọ́ bọ́ọ̀lù kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ ẹni tó fẹ́ fi í fún. Ó kú ní 1991, kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún.

Ẹ̀kẹta ni aṣọ́lé, Best Ogedegbe. Orúkọ baba rẹ̀ kì í ṣe orúkọ Yorùbá, àmọ́ "Bẹ́ẹ̀sì" ni gbogbo ọmọ Ìbàdàn mọ̀. Ìlú yìí náà ló kú sí, ní 2009.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí àwọn mẹ́ta yìí kò fi ní àríyànjiyàn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta 1980, ní Sùúrùlérè, Nàìjíríà na Àlùjéríà 3–0, ó gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú kejì, Ọdẹ́gbàmí. Ìṣẹ́jú kejìlélógójì, Ọdẹ́gbàmí. Ìṣẹ́jú àádọ́ta, Lawal. Aṣọ́lé tí bọ́ọ̀lù kò kọjá lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà, Ogedegbe. Fẹ́líìsì Owólabí náà, tí àwọn èèyàn ń pè ní Owóbúlòò, tó ń gba ẹ̀gbẹ́ òsì, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni. Gbogbo góòlù tó wọlé lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn ló gbá a wọlé, ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn ló sì ṣọ́ èyí tí kò wọlé. Mi ò mọ ìlú mìíràn nílẹ̀ wa tó lè sọ irú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá yọ Ìbàdàn kúrò nínú ọjọ́ yẹn, ife náà á wó.

Síbẹ̀, ẹni tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sókè pátápátá lára ògiri kò sí nínú àwọn mẹ́ta yìí. Sámúẹ́lì Ọ̀jẹ́bọ̀dé ni. Òun ni balógun ikọ̀ lọ́dún 1976, ẹ̀yìn lápá òsì ló ń gbá, òun sì ni ọwọ́ tó kọ́kọ́ gbé ife Áfíríkà wọ Nàìjíríà lórúkọ kíláàbù. Béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ tó ń ta rìsájì ní Agbowó, wàá rí i pé kò mọ̀ ọ́n. Béèrè ti Yẹkínì, wàá gbọ́ orin. Ẹ̀bi ọmọ náà kọ́. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ni rédíò ń pariwo rẹ̀, ẹni tó ń dènà lẹ́yìn kì í ní orúkọ ìnagijẹ. Ìdí nìyí tí gbọ̀ngàn akọni fi ń wúlò. Ẹni tí ariwo ti gbé kò nílò rẹ̀ tó ẹni tí ariwo fò dá.

Ó kù sí ti Yẹkínì, tí a ò lè fi ọwọ́ kan sọ. Ràṣídì ti Kàdúná wá sí Shooting Stars ní 1982, ó gba líìgì pẹ̀lú wọn ní 1983, ó bá wọn dé àṣekágbá ife àwọn akọni Áfíríkà ní 1984. Lásìkò yẹn ni òun àti Ọdẹ́gbàmí wọ aṣọ kan náà: ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀. Lẹ́yìn èyí ó lọ sí Abiola Babes ní Abẹ́òkúta, ó kọjá sí Côte d'Ivoire, ó kọjá sí Vitória Setúbal ní Pọ́túgà. Ní 1993 ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 1994, ní Dallas, ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Bùlgáríà, ó sáré wọ inú àwọ̀n náà, ó di okùn rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń sunkún, ó ń ké. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá nínú ife àgbáyé nìyẹn. Góòlù 37 ló gbá fún orílẹ̀-èdè wa, kò sì sẹ́ni tó gbá jù bẹ́ẹ̀ lọ fún Nàìjíríà nígbà ayé rẹ̀.

Bí mo bá fi ìdíwọ̀n mi wọn ọ́n, nǹkan á wó, àmọ́ orílẹ̀-èdè ló máa wó lé lórí. Ìbàdàn á ṣì ní 1976, á ṣì ní 1980. Gbọ̀ngàn akọni bọ́ọ̀lù tí Ẹ̀ńgílándì dá sílẹ̀ ní 2002 máa ń béèrè pé kí ẹni náà ti gbá bọ́ọ̀lù tó ọdún márùn-ún lórí ilẹ̀ wọn. Bí a bá lo irú òfin yẹn, Yẹkínì kò ní wọlé, ọdún rẹ̀ pẹ̀lú Sútìn kò tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Nígbà tí bọ́ọ̀lù parí, nígbà tí kò sí ẹni tó ń sanwó fún un mọ́ láti dúró síbì kankan, Ìbàdàn ló yàn láti máa gbé. Ìbàdàn ló kú sí ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 2012. Ìlú tí akọni yàn láti gbé nígbà tó wà lómìnira, ìlú rẹ̀ nìyẹn. Mo gbà kó wọlé. N kò gbà kó ṣáájú Ọ̀jẹ́bọ̀dé, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó. Ó wò mí bí ẹni tí a fi ata sí lójú.

Àwọn kan á tún bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀. Mútíù Adépọ̀jù ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí ní 1970, ó gba Shooting Stars kọjá, ó lọ sí Spéìn, ó wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà fún ife àgbáyé mẹ́ta, ó sì fi orí gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Spéìn fúnra rẹ̀ ní 1998. "Headmaster" ni wọ́n ń pè é nítorí orí yẹn. Ó yẹ fún ògiri, mi ò jiyàn. Ohun tí mò ń jiyàn ni pé kí wọ́n má fi ibi tí wọ́n bí èèyàn sí ṣe kọ́kọ́rọ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Ká tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀, Ọdẹ́gbàmí á jáde, Lawal á jáde, Ogedegbe á jáde, àwọn ọmọ Gánà tó bá wọn gbé ife 1976, bíi Joe Appiah àti Philip Boamah, á jáde, a ó wá ní ògiri tó mọ́ tónítóní tí kò sí orúkọ lára rẹ̀. Agbára Ìbàdàn láti ìgbà ogun ni pé ẹni tó bá lè jà, a máa ń fún un ní ilẹ̀.

Fẹ́mi Opábùnmi ńkọ́? Orúkọ yìí ni ẹnì kan sọ ní ohùn jẹ́jẹ́ ní Agbowó, gbogbo wa sì dákẹ́. Láti Shooting Stars ló lọ sí Switzerland. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó gbá fún Nàìjíríà lòdì sí Ẹ̀ńgílándì nínú ife àgbáyé 2002, ẹni méjì péré ló kéré jù ú lọ nínú gbogbo ìtàn ìdíje náà nígbà yẹn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kó tó pé ọmọ ọdún 22, kò sì ríran mọ́. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ kúrú. Kò gba ife kankan tí mo lè fi gbè é. Mo ti ro ó lọ, mo ti ro ó bọ̀, ibi tí mo dé ni pé ògiri wà fún ohun tí èèyàn ṣe, kò sí fún ohun tí ì bá ṣe. Ó dùn mí láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí Ìbàdàn jẹ Opábùnmi, owó àti ìtọ́jú ni, kì í ṣe orúkọ lára símẹ́ǹtì, gbèsè yẹn sì ṣáájú ti ògiri.

Ní ti àwọn tó pàdánù, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Zamalek ti Íjíbítì na wá nínú àṣekágbá ní 1984; Zamalek tún nà wá ní 1996, lẹ́yìn tí a na wọ́n 2–1 níbí, tí wọ́n nà wá 2–1 ní Káírò, tí wọ́n sì fi pẹ́nárítì kan péré jù wá lọ. Àwọn ọmọ 1996 yẹn dé ibi tí ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó dé ibẹ̀ nígbà náà kò pọ̀. Wọ́n tọ́ sí òkúta kan lápapọ̀, bíi ti àwọn ọmọ 1992 tó na Nakivubo Villa ti Ùgáńdà 3–0 ní ìlú wa láti gba CAF Cup àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé 1992 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lẹ́nu àwa fúnra wa. Ife Áfíríkà gidi ni.

Ọ̀nà kejì tí àwọn ará Amẹ́ríkà là, ọ̀nà ẹni tó sin eré, ni kí Lékan Sàlámì gbà wọlé, òun àti pápá rẹ̀. Ọ̀nà yẹn náà ni mo máa gbé Tẹ̀sílíìmù Balógun gbà. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí "Thunder" tó lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Peterborough àti Queens Park Rangers láàárín 1955 sí 1957, ọ̀kan lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹun ní Ẹ̀ńgílándì. Èkó ti fún un ní pápá. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà bọ̀, iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ló ṣe, àwọn ọmọ apá Ìwọ̀-Oòrùn sì jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni kí olórí àwọn alátìlẹ́yìn gbà, àwọn tí wọ́n ń lu ìlù láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tí wọ́n ń wọ mọ́lúè tẹ̀ lé Sútìn lọ sí Kàdúná, tí Rangers Enúgu sì dá wọn padà pẹ̀lú ìbànújẹ́ ní 1977. Orúkọ wọn kò sí nínú ìwé kankan, kí wọ́n gbẹ́ ìlù kan sára ògiri fún wọn.

Ẹnì kan á ní kí n má gbàgbé Dick Tiger, abẹ̀ṣẹ́ náà. Lóòótọ́ ni, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1963, Liberty ló ti na Gene Fullmer títí tí Fullmer kò fi lè dìde fún ráńdì kẹjọ, irú ìjà ife àgbáyé bẹ́ẹ̀ kò sì tíì wáyé rí ní Nàìjíríà. Gbọ̀ngàn akọni àwọn abẹ̀ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ wọlé ní 1991. Kí wọ́n fi àmì sí ibi tí ríngì náà wà. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ta ni yóò wá jókòó yan àwọn orúkọ wọ̀nyí? Níbí ni mo ti ń bẹ̀rù jù. Bí a bá fi fún olóṣèlú, orúkọ tí ó máa jáde á bá ọdún ìdìbò mu. Bí a bá fi fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí nìkan, fídíò tó wà lórí fóònù ni wọ́n máa fi dájọ́, fídíò 1976 kò sì pọ̀ lórí fóònù. Ọgbọ́n tí mo rí ni pé kí a kó àwọn àgbà tó wà níbẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù àná tó ṣì wà láàyè, àwọn oníròyìn eré ìdárayá àti àwọn tó ń tọ́jú ìwé, sí yàrá kan, kí wọ́n jà á títí á fi tán, kí wọ́n sì kọ ìdí tí wọ́n fi yan orúkọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti kà. Kí wọ́n ṣe é kíákíá.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ kíákíá. Bàbá agẹrun kan wà lẹ́yìn ọjà Dùgbẹ̀ tí mo ti ń gẹrun lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwòrán kan wà lára ògiri rẹ̀, ó gé e láti inú ìwé ìròyìn, gíláàsì rẹ̀ ti fọ́ ní igun kan: ikọ̀ IICC, ìlà méjì, àwọn tó wà níwájú bẹ̀rẹ̀ sórí eékún, ife wà láàárín wọn. Omi ti wọ ìsàlẹ̀ ìwé náà, orúkọ tó wà níbẹ̀ ti pa rẹ́. Lọ́sẹ̀ tí mo ti Agbowó dé, mo ní kí bàbá náà ka orúkọ wọn fún mi. Ó gbé sísọ́ọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdẹ́gbàmí. Múdà. Bẹ́ẹ̀sì. Awẹ́sù. Ọ̀jẹ́bọ̀dé, ó ní, "balógun wa." Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ ẹnì kẹta láti apá òsì ní ìlà ẹ̀yìn, ìka rẹ̀ dúró. Ó wò ó títí. Ó ní òun mọ ojú náà, òun mọ bí ó ṣe máa ń sáré, ó ní lójú òun báyìí ó ń sáré, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò wá sí ẹnu òun.

Ó yọ àwòrán náà kúrò lára ìṣó, ó yí i padà, ó wá pẹ́ńsùlù kan nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó sì ní kí n máa kọ àwọn tí òun ṣì mọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, kí n fi ààyè sílẹ̀ fún ẹnì kẹta láti apá òsì.